Obìnrin ti ń gun kẹ̀kẹ́ yí ilẹ̀ Faransé ká ṣáájú 2022

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere títúnṣe ni mo ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú ìwé eré ìdárayá ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣí nínú ìwé ìròyìn yín. Ohun tí ẹ kọ lórí Tour de France àwọn obìnrin ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín. Ẹ ní ọdún 2022 ni obìnrin kọ́kọ́ díje yí ilẹ̀ Faransé ká. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Lóòótọ́, 2022 ni àwọn tó ni Tour de France tún gbé ti obìnrin dìde, Annemiek van Vleuten ará Nẹ́dálándì ló sì gbégbá orókè. Ṣùgbọ́n láti 1984 ni obìnrin ti ń sá a. Marianne Martin ọmọ Amẹ́ríkà ló gba tọdún náà. Nígbà tí wọ́n pa á tì lẹ́yìn 1989, àwọn ẹlòmíràn gbé irú rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ni Tour de France ò jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ náà pè é mọ́, ó wá di Grande Boucle. Àìsí owó ló ń han eré náà léèmọ̀, débi pé lọ́dún 2009 tó gbẹ̀yìn, ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n fi sá a. Síbẹ̀, àwọn obìnrin tó sá a kì í ṣe iwin. Wọ́n lórúkọ.

Èyí tó ká mi lára jù lọ nínú wọn ni Edita Pučinskaitė, ọmọ ilẹ̀ Lithuania. Ọdún 1975 ni wọ́n bí i ní Naujoji Akmenė, ìlú kékeré kan ní àríwá tí wọ́n tẹ̀dó nítorí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Abẹ́ ìjọba Sófíẹ̀tì ni wọ́n ṣì wà nígbà yẹn. Ilẹ̀ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ: ibi tó ga jù lọ ní gbogbo Lithuania kò ju mítà 294 lọ. Ẹni tó bá ti dé òkè Ìdànrè rí yóò mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe òkè. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin tó lọ ń bá àwọn agunkẹ̀kẹ́ ayé figagbága lórí òkè gidi ti wá. Ní 1995, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ó gba idẹ nínú ìdíje àgbáyé ní Duitama, ní Kòlóḿbíà, ìlú tó ga ju mítà 2,500 lọ sókè òkun. Jeannie Longo àti Catherine Marsal, ará Faransé méjèèjì, nìkan ló ṣáájú rẹ̀.

Ní 1998 ó gba eré tó yí ilẹ̀ Faransé ká. Ọmọ ọdún 22 ni. Fabiana Luperini ará Ítálì ló ti ń gbà á láti 1995 títí dé 1997, kò sì sẹ́ni tó rò pé ó máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Diana Žiliūtė, ọmọ Lithuania bíi tirẹ̀, ló tún gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro èyí wò: ọdún 2014 ni ọkùnrin Lithuania kan, Ramūnas Navardauskas, tó kọ́kọ́ borí ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú Tour de France, ní Bergerac. Ọjọ́ kan ni o, kì í ṣe gbogbo eré. Àwọn obìnrin wọn ti gbà á tán pátápátá ní ọdún 16 ṣáájú.

Ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Verona, ní Ítálì, ní oṣù kẹwàá 1999 ni mo fẹ́ràn jù. Gbogbo ìyípo tí wọ́n bá ṣe ni wọ́n ń gun òkè Torricelle. Iṣẹ́ mi nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí: bí òkè bá ti bẹ̀rẹ̀, ṣéènì gbọ́dọ̀ bọ́ sí eyín kékeré níwájú àti eyín ńlá lẹ́yìn kí pẹ́dà tó wúwo. Ẹni tó bá dúró kí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ há kó tó yí gíà, ṣéènì á máa ké, á fò, nígbà míì á já. Tí a bá ń ṣe èyí léraléra fún wákàtí mẹ́ta, ẹni tí ara rẹ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ bá pé nìkan ló ń kù. Edita ló kù. Ó fi Anna Wilson ará Ọsirélíà sí ipò kejì, Diana ṣe ẹ̀kẹta. Wọ́n gbé aṣọ òṣùmàrè wọ̀ ọ́, aṣọ tí ẹni tó bá borí nínú ìdíje àgbáyé ń wọ̀, aṣọ funfun tó ní ìlà márùn-ún láyà: búlúù, pupa, dúdú, yẹ́lò, àwọ̀ ewé. Ọdún kan ni a fi ń wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ìlà yẹn nìkan ló ń kù létí ọwọ́ aṣọ àti lọ́rùn títí èèyàn á fi fi eré sílẹ̀.

Diana ti gba aṣọ yìí ní 1998 ní Valkenburg, ní Nẹ́dálándì. Rasa Polikevičiūtė, ọmọ Lithuania bíi tiwọn, gbà á ní 2001 ní Lisbon, Edita ló sì ṣe ìkejì. Orílẹ̀-èdè tí èèyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 4 gba aṣọ òṣùmàrè mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́rin!

Kò sì tíì rẹ Edita. Ó gba eré tó yí Ítálì ká ní 2006, ó tún gbà á ní 2007, ó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún. Ọdún 2010 ló fi eré sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé àwọn ọmọbìnrin kan máa ń wá kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn lọ́dọ̀ mi. Ọ̀kan nínú wọn ló ka ìròyìn yín sókè ní ṣọ́ọ̀bù, tó wá bi mí pé, “Bàbá, ṣé wọn ò jẹ́ kí obìnrin sá a nígbà tí wọ́n bí mi ni?” Mo ṣàlàyé fún un, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé ìròyìn ló gbà gbọ́ ju ti atúnkẹ̀kẹ́ṣe lọ, mi ò sì bá a wí.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ tún un kọ nínú èyí tó ń bọ̀, lójú ìwé kan náà, kì í ṣe ní igun ìsàlẹ̀. Ẹ dárúkọ Marianne Martin, Luperini, Edita, Diana, àti Joane Somarriba ará Sípéènì tó gbà á lẹ́ẹ̀mẹta. Bí àyè bá sì wà, ẹ fi àwòrán ti Verona sí i.

Èmi ni tiyín,
Atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan, Ògbómọ̀ṣọ́