Yàrá tí kámẹ́rà ò wọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ èpè tí ẹ ń gbé ìyá ọkọ inú eré tẹlifíṣọ̀n ṣẹ́, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ máa ń pa mí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù á wá bà mí, torí mo ti bá wọn ṣe irú ẹ̀ rí.

Ọdún 2001 ni. Eré Super Story ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí NTA. Bó bá di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, gbogbo ilé wa á kó sí pálọ̀ ẹnì kan ṣoṣo tó ní jẹnẹrétọ̀. Ọmọdé á jókòó sílẹ̀, àwa àgbà á fara ti ògiri. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ló ṣe Tóyìn Tòmátò, obìnrin tó gba ọkọ ọlọ́kọ. Ó ṣe é débi tí orúkọ náà fi di èébú láàárín ìgboro.

Obìnrin kan sì ń gbé yàrá ẹ̀yìn nílé wa, ìyàwó kejì ni. A ò bi í léèrè ohunkóhun. Tóyìn Tòmátò la sọ ọ́. Bó bá dé ìdí kànga, àwọn obìnrin á gbé garawa wọn kúrò. Èmi náà, bó bá kúnlẹ̀ kí mi, imú ni mo fi ń dáhùn.

Ẹ wo bí eré ṣe ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ mú yín wọ yàrá ìyálé, ẹ ó rí i tó ń sunkún lórí ẹní. Bí ìyàwó bá máa wọlé, ìlù á yí padà, bàtà rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ rí: ko, ko, ko. Kó tó la ẹnu, ẹ ti dá a lẹ́bi. Ti Íńdíà tí ẹ ń wò lórí Zee World ò yàtọ̀. Bó bá sì jẹ́ ọmọ Yahoo ni kámẹ́rà ń tẹ̀ lé, tí wọ́n fi ìyá rẹ̀ hàn wá lórí ibùsùn àìsàn, àdúrà la ó máa gbà kọ́lọ́pàá má mú un. Ta ló rántí ẹni tó lù ní jìbìtì? Kò ní yàrá nínú eré. Agbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹnì kan náà ni wọ́n gbé ka iwájú wa.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má wò ó. Èmi gan-an ò lè fi í sílẹ̀. Bó bá parí, kí ọ̀kan nínú yín ṣe lọ́yà fún ẹni tí ẹ kórìíra jù, kó ro ẹjọ́ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo dán an wò lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbèjà ìyá ọkọ. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọkọ obìnrin yàrá ẹ̀yìn yẹn ṣàìsàn nígbà tó yá. Mo lọ kí i. Ìyàwó kejì ń fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu, ó ń fi etí ìró nu àgbọ̀n rẹ̀. Ìyálé ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ àwọn méjèèjì. Òun ló sọ fún mi pé òun fúnra òun lòun wá ìyàwó náà fún ọkọ òun, nítorí ọmọ.

Mo bẹ ìyàwó kejì náà. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ń wo eré yẹn o. Ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó. Mo kórìíra Tóyìn yẹn gan-an.”