Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe fa omi náà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ gbé e jáde láìpẹ́ yìí pé wọ́n ti yẹ omi abẹ́ ilẹ̀ wò níbi tí táǹkì epo ti jò, wọ́n sì ní omi náà mọ́ tónítóní. Ẹ ò bèèrè bí wọ́n ṣe fa omi ọ̀hún. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Omi tó ti dúró sínú páìpù kànga àyẹ̀wò fún oṣù mẹ́ta ti di omi adágún. Afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀, benzene, oró inú epo bẹntiróòlù, tó wà lókè rẹ̀ sì ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tó bá ju fàmífàmí sínú rẹ̀, tó bu tòkè sínú ìgò, kò tíì fọwọ́ kan omi abẹ́ ilẹ̀ rárá.

Páìpù tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 50 máa ń gba omi bíi lítà 2 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Bí omi inú rẹ̀ bá ga ní mítà 6, lítà 12 nìyẹn. Ọ̀nà àtijọ́ ni kí a fa ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, lítà 36, sínú dúrọ́ọ̀mù (kì í ṣe sórí ilẹ̀ o!) kí a tó gbé ìgò. Èyí tó wù mí jù ni fífà díẹ̀díẹ̀: ẹnu pọ́ǹpù á wà láàárín apá páìpù tó ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́, omi tó ń jáde kò ní ju ìdajì lítà lọ ní ìṣẹ́jú kan, omi inú páìpù kò sì ní fà ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún síra, a ó máa ka ẹ̀rọ tó ń wọn bí omi náà ṣe rí. Tí ìwọ̀n pH (bí omi ṣe kan tó) bá dúró lẹ́ẹ̀mẹta léra láìyẹ̀ ju 0.1 lọ, tí bí omi ṣe ń gbé iná kò yí ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tí ọ́síjìn inú omi náà sì fara balẹ̀, omi tuntun ti dé.

Ìkánjú ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Fífi agbára fa omi máa ń ru amọ̀ sókè. Ásíìdì tí wọ́n máa ń fi sínú ìgò kí omi má baà yí padà á wá yọ́ òjé kúrò lára amọ̀ náà, láàbù á sì ní òjé wà nínú omi tí kò sí níbẹ̀. Bí omi adágún ṣe ń yin kànga tó bàjẹ́ ni omi rírú ń ba kànga tó dáa lórúkọ jẹ́.

Ìgò benzene kékeré ni, mílílítà 40. A ó rọ omi kún un títí á fi yọrí díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, a ó dé e, a ó dorí rẹ̀ kodò, a ó sì fìka gbá a. Bí afẹ́fẹ́ bá yọ bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú rẹ̀, ká gba òmíràn. Inú yìnyín ló ń lọ tààrà. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kí benzene inú omi mímu ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà kan. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tí atẹ́gùn ń gbé bọ̀ lè ba irú òǹkà kékeré bẹ́ẹ̀ jẹ́. Nítorí náà ni a ṣe ń gbé ìgò omi mímọ́ kan láti láàbù lọ, tí a ó sì gbé e padà láìṣí i. Bí wọ́n bá rí benzene nínú ìyẹn, ẹ̀bi kì í ṣe ti kànga.

Epo sì máa ń léfòó. Bí ihò páìpù bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ojú omi, epo á dúró síta páìpù, àyẹ̀wò á sì ní kò sí nǹkan. Kànga kan ò sì lè sọ ibi tí omi ń ṣàn sí: ó kéré tán, mẹ́ta ni, tí wọn ò tò sójú ìlà kan, tí a wọn ojú omi gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà kí pọ́ǹpù tó kàn wọ́n.

Nígbà mìíràn tí wọ́n bá gbé èsì wá, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n kọ létí kànga hàn yín: bí omi ṣe jìn sí ẹnu páìpù, iye lítà tí wọ́n fà, ìwọ̀n pH pẹ̀lú aago tí wọ́n kà á, àti ìgbà tí ìgò dé láàbù. Bí wọn ò bá ní ìwé náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìròyìn pé wọn ò ní in.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan