Ẹ̀sùn lórí káàdì baseball tí ẹ bá mi gbé lọ sí Pittsburgh

Houston, Texas
12 Oṣù Kejì, 2024

Sí Ọ̀gá Ilé-iṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń gbé ẹrù wá sọ́dọ̀ yín, n kò sì ní ẹ̀sùn kankan rí. Ìdí nìyí tí èyí fi dùn mí.

Lọ́jọ́ 29 oṣù tó kọjá, mo mú àpòòwé kan wá sí kántà yín. Káàdì baseball kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn páálí kékeré tó ní àwòrán agbá-baseball, irú èyí tí àwa kan máa ń kó jọ: ti Ken Griffey Jr. ni, nọ́ńbà 1 nínú káàdì baseball tí ilé-iṣẹ́ Upper Deck kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1989. Mo fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀ ọ́, mo tì í bọ inú ike líle, mo fi páálí méjì há a láàárín, mo wá fi téèpù búlúù lẹ etí rẹ̀ yíká. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sí iwájú àti ẹ̀yìn àpòòwé pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin tó gbà á ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Dádì.” Mo san owó adójútòfò dọ́là 100 lé e.

Ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí ya fọ́tò ohun tó bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti ṣẹ́ àpòòwé náà po sí méjì, wọ́n fi rọ́bà dì í mọ́ lẹ́tà mìíràn. Ojú rọ́bà náà ṣì hàn lára páálí. Ike líle ti là. Ìlà funfun kan bẹ̀rẹ̀ láti èjìká Griffey níbi tó gbé igi rẹ̀ lé, ó gba àgbọ̀n rẹ̀ kọjá, ó jáde létí kejì. Káàdì tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó lè nà án mọ́.

Nígbà tí mo pè yín, wọ́n ní bébà lásán ni, pé kí n mú rìsíìtì wá. Rìsíìtì wo? Pàṣípààrọ̀ káàdì lèmi àti ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí ṣe, a ò san kọ́bọ̀ fún ara wa. Èmi ń kó káàdì baseball tí ilé-iṣẹ́ Topps ṣe lọ́dún 1973 jọ, gbogbo 660 rẹ̀, Roberto Clemente, nọ́ńbà 50, sì wà lára èyí tí n kò tíì ní. Ọdún 18 ni Clemente, ọmọ Puerto Rico, fi gbá baseball ní Pittsburgh. Lọ́jọ́ 31 Oṣù Kejìlá 1972, ó ń gbé ẹrù ìrànwọ́ lọ fún àwọn tí ìmìtìtì ilẹ̀ ṣe lọ́ṣẹ́ ní Nicaragua, bàálù náà já sínú òkun. Ó ti kú kí káàdì yẹn tó jáde. Ẹni tí mo ń sọ yìí, ọmọ Pittsburgh, yọ irú káàdì bẹ́ẹ̀ fún mi, ó sì kọ́kọ́ fi tiẹ̀ ránṣẹ́ kí n tó fi tèmi lọ, torí ó gbà mí gbọ́.

Clemente wà lọ́wọ́ mi báyìí láìní àbàwọ́n kankan. Òun ò rí nǹkan gidi gbà. Kò bá mi jà o, àmọ́ ojú ń tì mí gidigidi.

Mo fi ẹ̀dà lẹ́tà tí èmi àti òun kọ síra wa mọ́ èyí. Iye tí a dá lé káàdì kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á bí ẹ̀rí, kí ẹ san owó adójútòfò náà, kí n lè fi wá Griffey mìíràn fún un. Ẹ tún bá mi kọ ìwé kúkúrú kan pé ọwọ́ yín ló ti bà jẹ́, kí n fi ránṣẹ́ sí i. Ìwé yẹn ló ká mi lára ju owó lọ.

Mò ń retí èsì yín kí oṣù yìí tó parí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín