Ẹ Béèrè Nípa Ọtí Kí Ẹ Tó Ka Èsì Àyẹ̀wò Ẹ̀dọ̀

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń yẹ ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní Ìbàdàn wa yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan ti ń béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí yóò sọ bóyá ọ̀rá ti ń ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Ohun rere ni. Àmọ́ ó ń kọ mí lóminú pé wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn láìbéèrè ohun tó ń mu, nígbà tó jẹ́ pé ọtí lè yí èsì náà padà pátápátá.

Ẹ̀jẹ̀ kì í fi ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ hàn ní tààrà. Èròjà bíi AST àti ALT, tó máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá ń jìyà, ni wọ́n ń wọ̀n. Wọn a wá fi iye wọn, ọjọ́ orí àti platelet tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ṣe ìṣirò tí wọ́n ń pè ní FIB-4. Bí èsì kò bá tó 1.3, ọkàn dókítà a balẹ̀ díẹ̀. Bó bá kọjá 2.67, ìfura wà pé ẹ̀dọ̀ ti ní àpá. Ọtí àmujù a máa gbé AST ga ju ALT lọ, kì í sì í jẹ́ kí mùdùnmúdùn eegun pèsè platelet bó ṣe yẹ, òkè sì ni méjèèjì ń ti ìṣirò náà sí. Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin ẹni ọdún 50 kan, tí AST rẹ̀ jẹ́ 30, tí ALT jẹ́ 36, tí platelet sì jẹ́ 220: FIB-4 rẹ̀ jẹ́ 1.14. Bí ọtí bá sọ AST yẹn di 60, tó sì fa platelet wálẹ̀ sí 180, ó di 2.78, bẹ́ẹ̀ ó lè má jẹ́ àpá ló fà á.

Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dọ̀ tún àrùn yìí pín, wọ́n sì fi iye ọtí ṣe ààlà. Ọkùnrin tí ọ̀rá wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, tó sì sanra tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà, a bọ́ sí ọ̀wọ́ ọ̀tọ̀ bí ọtí pọ́ńbélé tó ń mu lọ́sẹ̀ bá tó gíráàmù 210. 140 ni ti obìnrin. Ìgò bíà ńlá kan, 60cl tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5%, ní nǹkan bíi gíráàmù 24. Ìgò mẹ́sàn-án ti kọjá ààlà nìyẹn, àwọn kan a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mu ún tán nídìí òwàmbẹ̀ Sátidé kan ṣoṣo.

Ta ni yóò sì jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìyàwó tàbí ará ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n jọ tò sórí ìlà? Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ purọ́. Awakọ̀ tó ń gba ife àgbo jẹ̀dí kékeré láràárọ̀ ní gáréèjì Ìwó Road, èyí tí alágbo mì pọ̀ nínú ìgò ògógóró, gbà tọkàntọkàn pé oògùn lòun ń mu.

Nítorí náà, mo rọ àwọn ilé àyẹ̀wò pé kí wọ́n fi ìlà kan sí fọ́ọ̀mù wọn fún ọtí, àgbo àti paraga, kí wọ́n sì béèrè rẹ̀ ní kọ̀rọ̀: irú èwo, báwo ló ṣe pọ̀ tó, ìgbà wo lẹ mu ún kẹ́yìn. Èyí kò ní kí onímutí fọwọ́ rọ́ èsì tó ga sẹ́yìn, nítorí ọtí fúnra rẹ̀ ń dá àpá sí ẹ̀dọ̀. Kí dókítà tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò mutí ló dára. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ má ṣe dá a dúró lójijì láìjẹ́ kí dókítà mọ̀, ó léwu.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.