Àkànní, Ọ̀rọ̀ Ìbọn Tó O Rà Yẹn

Àkànní ọmọ mi, ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ẹ ńkọ́, ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa níbí ò burú, màmá ẹ ní kí n kí ẹ, orúnkún ẹ̀ ṣì ń dùn ún. Mo ti ń pè ẹ́ láti Sátidé, ó ń dún, o ò gbé e, bẹ́ẹ̀ mo rí i pé o wà lórí WhatsApp. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó tẹ èyí fúnra mi, má fò ó, kà á dé ìsàlẹ̀.

Wọ́n ní o ra ìbọn. Kì í ṣe ẹnu ẹ ni mo ti gbọ́ ọ o, ìyá ọ̀rẹ́ ẹ tẹ́ ẹ jọ wà ní Houston ló bá màmá ẹ sọ ọ́ ní Òkè-Àgbò, inú ẹ̀ ń dùn bí ẹni pé ilé lo kọ́. Ó ní ìbọn ìléwọ́ ni, ó ní o ti ń lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń yìn ín, ọta ló wọ́n tó o fi pa á tì, èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹ lo wá kì sínú ẹ̀, o sì tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ pílò. Abẹ́ pílò, Àkànní! Ìyàwó tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé àwọn arúgbó, tó ń wọlé ní aago mẹ́ta òru, aago mẹ́rin, tó máa bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kó má bàa jí ẹ. Mi ò tíì sùn dáadáa látìgbà tí mo ti gbọ́.

Mi ò ní kó o má dáàbò bo ilé ẹ o. Mo gbọ́ pé wọ́n fọ́ ilé ẹni tó wà ní òdìkejì yín, ọkùnrin tó níyàwó tó sì bímọ gbọ́dọ̀ ronú irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ dá mi lóhùn èyí, ṣé green card ẹ ti jáde kó o tó rà á? Torí òfin ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ò gba ẹni tó wà lórí fisa lásán láàyè láti ní ìbọn, ọta pàápàá ò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sọ́tọ̀ bíi ẹni tó ní láísẹ́ńsì ọdẹ. Tí kò bá tíì jáde, wá lọ́yà lónìí, má dúró dọ̀la, má jẹ́ kí nǹkan tó o rà fún ààbò lé ẹ kúrò nílùú.

Ọ̀rọ̀ ọta tó wọ́n yẹn, àbúrò ẹ bá mi wò ó lórí fóònù. Ó ní nígbà tí Kòrónà dé lọ́dún 2020 làwọn èèyàn ya bo ṣọ́ọ̀bù ìbọn, àyẹ̀wò tí FBI ṣe lórí ọ̀rọ̀ ìbọn lọ́dún yẹn nìkan ju mílíọ̀nù 39 lọ, ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á ni ò ní ìbọn rí láyé wọn, ọta ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń pè ní 9mm, tí ìwọ ń wá yẹn, náà ni wọ́n ń wá nígbà yẹn. Remington tó ń ṣe ọta tún wọ gbèsè, wọ́n lọ wá ààbò kọ́ọ̀tù lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè ní oṣù keje ọdún 2020. Kódà nǹkan kékeré ìdí ọta tó ń tanná sí ẹ̀tù, ìyẹn náà wọ́n nígbà yẹn. Tó o bá wá ní ó dìgbà tí ọta bá pọ̀ lọ́wọ́ ẹ kó o tó kọ́ṣẹ́, gbogbo àsìkò yẹn lo máa fi gbé pẹ̀lú ìbọn tí o ò mọ̀ ọ́n lò nínú òkùnkùn, nínú ilé tí ìyàwó ẹ ń wọ̀ ní aago mẹ́ta òru.

Ta ló sọ fún ẹ pé láìsí ọta èèyàn ò lè kọ́ ìbọn? Àwa tá a wọ igbó J4, ta ló fún wa ní ẹ̀tù tá a máa fi ṣeré? Ìbọn ṣakabùlà, o yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó di kó o tún rọ ẹ̀tù, kó o tún kì í, ẹran á ti dé Oǹdó. Àpò làwọn àgbà kọ́kọ́ gbé kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dúró jẹ́ẹ́, bí ojú ẹtu ṣe ń tàn nínú iná yàtọ̀ sí ti nǹkan míì. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìbọn, nígbà tí wọ́n sì máa gbé e fún mi, ohun tí wọ́n ń sọ náà ni pé ohun tí o ò bá rí dájú, má yìn ín.

Jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ẹ tí mi ò sọ fún màmá ẹ rí. Ọkùnrin tí ẹ̀yin ọmọ máa ń béèrè nípa ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré, tí mo máa ń ní igbó ló pa á, ìbọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló bà á. Iná orí ẹ̀ ti kú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ewé ń mì. Èmi ni mo gbé tọ́ọ̀ṣì dání, àkókò tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wojú mi, èmi ni mo ní ẹran ni. Mi ò rí ojú kankan. Mo kàn sọ ọ́ ni torí gbogbo wa ti rẹ̀, torí a ò tíì pa nǹkan kan. Itan ló ti bà á, ẹ̀jẹ̀ ló sì pa á, a dúró lé e lórí, à ń ké, kò sí ẹnì kan nínú wa tó mọ bí wọ́n ṣe ń dí ẹ̀jẹ̀. Látọjọ́ yẹn ni mo ti gbé ìbọn kọ́ sórí àjà. Lọ́jọ́ tó o gbé àpótí láti fi gun òkè lọ fọwọ́ kàn án, tí mo nà ẹ́ tí àwọn ará ilé fi bẹ̀ mí, ẹ̀rù ló bà mí, Àkànní. Kí n jókòó tì ẹ́, kí n kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù ẹ̀, ló yẹ kí n ṣe. Ẹgba ni mo fi kọ́ ẹ, ìwọ sì wá lọ ń kọ́ ìyókù lórí YouTube.

Nítorí náà gbọ́ mi báyìí. Tó o bá fẹ́ fọwọ́ mọ ìbọn náà láìsí ọta, yọ magasíìnì tí ọta ń wà nínú ẹ̀, fa irin orí ìbọn sẹ́yìn, fojú wo ihò ẹ̀yìn tí ọta máa ń jókòó sí, kì í ṣe ẹnu ìbọn o, tún fìka kàn án wò, kó gbogbo ọta lọ yàrá míì. Wá ibi tó lè gba ọta dúró kó o kọjú ẹ̀ sí, àwọn ògiri pákó yín yẹn ọta á gba inú ẹ̀ kọjá lọ bá ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi kọ́ìn lé iwájú orí ìbọn, wọ́n á fa trígà ẹ̀ jẹ́jẹ́, tí kọ́ìn bá bọ́, ọwọ́ ló gbọ̀n. Wọ́n tún ń ta ọta àfidánrawò tí kò ní ẹ̀tù nínú, rà á. Tó o bá ti parí, ó parí, má tún ki ọta sínú ẹ̀ tán kó o ní o fẹ́ dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré sí i, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń yìn ín láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ojú àti ohùn ẹ ni mo fẹ́ kó o kọ́ jù. Tọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ lọ́tọ̀, má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbọn nìkan, torí ẹni tó o bá tanná wò, o ti na ìbọn sí i nìyẹn. Pariwo pé ta nìyẹn! Kó o gbọ́ ohùn tó máa dáhùn. Kí ìyàwó ẹ máa pè ẹ́ látinú mọ́tò kó tó ki kọ́kọ́rọ́ bọlẹ̀kùn, lójoojúmọ́, kódà tó bá rẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ olè ni lóòótọ́, gbogbo yín ẹ wọ yàrá ọmọ, ẹ tìlẹ̀kùn, ẹ pe ọlọ́pàá lórí 911, kó máa kó tẹlifíṣọ̀n lọ. Ẹ jọ dán an wò lọ́sàn-án Sátidé láìsí ìbọn rárá, kó o mọ ìṣísẹ̀ mélòó ló wà láti bẹ́ẹ̀dì ẹ dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Lójú títì ńkọ́, inú máa ń bí ẹ kíákíá, o jọ mí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tó bá bú ẹ níbi tẹ́ ẹ ti ń páàkì mọ́tò, bẹ̀ ẹ́ kó o wa ọkọ̀ ẹ lọ. Ata tí wọ́n ń fín síni lójú yẹn, ra ìyẹn fún ìyàwó ẹ.

Àǹtí ẹ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ṣàgámù ní ẹ̀kọ́ kan wà lọ́dọ̀ yín ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Stop the Bleed, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ọdún 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n á kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń so apá tàbí ẹsẹ̀ lókè ojú ọgbẹ́, kì í ṣe lórí oríkèé, kó o fún un títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, kó o kọ aago tó o so ó sílẹ̀, tó bá jẹ́ ìtòsí abíyá ni, kó o ki aṣọ bọ ojú ẹ̀ kó o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi. Lọ kọ́ ọ, ìwọ àti ìyàwó ẹ. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ti rí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dà lára ẹ̀ tán níwájú mi.

Ẹ̀gbọ́n màmá ẹ ti kúrò ní ọsibítù, gàrí ti gbówó lórí, ilé tó ń jò lẹ́yìn yẹn ṣì ń jò.

Òfin Texas fúnra ẹ̀ máa ń fìyà jẹ ẹni tó bá fi ìbọn tó ní ọta nínú síbi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ti lè mú un, tí ọwọ́ ọmọ náà sì wá tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ẹ ti ń rìn. Ra àpótí onírin tí wọ́n ń fi nọ́ńbà ṣí yẹn. Owó páànù tó o ní o máa fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, má fi ránṣẹ́ mọ́, fi ra àpótí náà, a óò máa gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ibi tó ń jò. Tó o bá ti rà á, tí ìbọn ti kúrò lábẹ́ pílò, ya fọ́tò ẹ̀ fún mi, ìgbàkígbà tó bá jẹ́ lóru wa, màá jí.

Bàbá ẹ ni.