Àgbàdo Orí Ilẹ̀ Bátìrì

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, o ò gbé e. Owó tí o ní o máa fi ránṣẹ́ kò tíì dé, àmọ́ kì í ṣe tìtorí owó ni mo ṣe ń kọ̀wé. Orúnkún bàbá rẹ ti fúyẹ́. Àbúrò rẹ ṣe ìdánwò tán, ó ń sùn bí ẹni tó ti ogun dé.

Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ nígbà kan lo gbin àgbàdo sí, o sì ti kórè. Ṣé o ti fún ọmọ jẹ nínú rẹ̀?

O máa ní àgbàdo náà tutù yọ̀yọ̀, ó yọmọ dáadáa. Olórí kunkun! Òjé, irin olóró inú bátìrì, ò ní kí ewé má tutù. Erùpẹ̀ ibẹ̀ á lẹ̀ mọ́ hóró tí o bá sá sílẹ̀, ara ọmọdé sì máa ń fa òjé ju ti àgbà lọ. Ọpọlọ ló ń bà jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a mọ̀ pé kò léwu fọ́mọdé.

Kádímíọ̀mù, irin olóró mìíràn, tún wà, tí gbòǹgbò ń fà sókè wọnú hóró. Ní Toyama nílẹ̀ Japan, odò Jinzu gbé e láti ibi ìwakùsà wọ oko ìrẹsì. Eegun àwọn obìnrin tó jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. “Ó ń dùn mí, ó ń dùn mí” ni wọ́n fi sọ àìsàn náà lórúkọ. Ó di 1968 kí ìjọba wọn tó gbà pé kádímíọ̀mù ló fà á.

Ọmọ mi àtàtà, ṣé o ti fún un jẹ?

Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, oúnjẹ tán nílé. Àgbàdo irúgbìn wà nínú àpò, oògùn ti sọ ọ́ di pupa. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta títí omi fi mọ́, mo sè é, mo jókòó tì ọ́ kí o jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ ti Ìráàkì lọ́dún 1971. Àlìkámà irúgbìn ni, oògùn tó ní mẹ́kúrì, irin olóró kan, wà lára rẹ̀. Àwọn kan níbẹ̀ fọ aró rẹ̀ kúrò bíi tèmi, wọ́n fi ṣe búrẹ́dì. Àwọn tó dé ilé ìwòsàn ju 6,000 lọ, 459 kú níbẹ̀. Aró ló ń ṣí, mẹ́kúrì ò ṣí. Títí dòní, n kò bi ẹnikẹ́ni pé oògùn wo ló wà lára tiwa. Nígbà tí olùkọ́ rẹ ní o máa ń gbàgbé nǹkan, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n sùn.

Má ta àgbàdo yẹn, má dà á fún adìẹ. Gbé ọmọ lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún òjé. Bu erùpẹ̀ oko náà fún àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò.

Pè mí lálẹ́ òní. Bó bá ti jẹ ẹ́, má fi pa mọ́ fún mi bí mo ṣe fi tèmi pa mọ́ fún bàbá rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ