Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa lórí owó eyín bíléèdì

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin ọ̀gá káfíńtà, ẹ̀yin onísọ́míìlì àti ẹ̀yin tí ẹ ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé láti Sábó títí dé Odógúnyán àti Ìgbógbó, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, owó tí à ń gbà láti fi iná jó eyín tuntun kan mọ́ bíléèdì ayùn yóò kúrò ní ₦500, yóò di ₦900. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dé etí àwọn kan kí n tó jókòó kọ ọ́, nítorí ẹnìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní èmi náà ti ń jẹ èrè àjẹjù, pé irin tí kò tó èékánná ọmọdé, kí ló dé tó fi wọ́n tó báyìí. Mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irin lásán, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Kábáìdì ni ohun tó wà lẹ́nu eyín yẹn, kì í sì í ṣe kábáìdì tí àwọn wẹ́dà ń da omi sí kó lè mú gáàsì jáde, tí àwọn aláìláàánú kan sì fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n. Àdàpọ̀ ni tiwa. Lẹ́búlẹ́bú tọ́ńgísítìn kábáìdì, tí ó le ju àwo tánganran lọ fíìfíì, ni wọ́n pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú kóbáàtì, tí í ṣe irin gidi. Ẹ wo àwo tánganran: ó le, ṣùgbọ́n bó bá já bọ́ sílẹ̀, ó di èérún, irin ní tirẹ̀ kì í fọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Wọ́n á tẹ méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì yan án nínú ààrò tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bíi 1,400°C, níbi tí kóbáàtì á ti yọ́, tí á sì wọ àárín hóró kábáìdì gbogbo, bí sìmẹ́ǹtì ti í di òkúta wẹ́wẹ́ mú nínú kọnkéré. Nínú irú èyí tí a fi ń gé nǹkan, kóbáàtì sábà máa ń wà láàárín 6 sí 12 nínú 100. Ìwọ̀nba kékeré yẹn ló ń jẹ́ kí eyín bíléèdì yín lè pàdé òkúta inú ìrókò tí ẹ̀yin náà mọ̀ dáadáa, kí ó má sì rún. Karl Schröter, ará Jámánì, ló fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí àwárí tuntun ní ọdún 1923, nígbà tí wọ́n sì gbé e dé ọjà ní 1926, Widia ni wọ́n sọ ọ́, èyí tí wọ́n yọ láti inú ọ̀rọ̀ wọn fún “bíi dáyámọ́ńdì”.

Ẹ gbọ́ ohun tó gbé owó rẹ̀ sókè. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún tọ́ńgísítìn ayé, irin tí wọ́n fi ń ṣe kábáìdì yìí, Ṣáínà ló ti ń jáde. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ìjọba wọn ní ẹni tó bá fẹ́ kó o lọ sókè òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Nínú oṣù kan náà ni Kóńgò ti Kinshasa, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú kóbáàtì ayé ti ń wá, dá kíkó o jáde dúró pátápátá, nígbà tí wọ́n sì ṣí ọ̀nà padà ní oṣù kẹwàá, wọ́n fi òdiwọ̀n sí i. Ẹ fi ti dọ́là kún un. Owó rọ́ọ̀dù fàdákà tí a fi ń lẹ eyín mọ́ bíléèdì náà kò dúró síbi tó wà. Kò sí èyí tó wà lọ́wọ́ èmi tí mo ń pọ́n bíléèdì ní Ìkòròdú.

Bó bá jẹ́ ti owó nìkan ni, ǹ bá gbé e mọ́ra. Ohun tó dùn mí wọra ni pé ẹni tí mo ti ń ra eyín lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, tí mo máa ń fi owó ránṣẹ́ sí kí ọjà tó dé, kó ayédèrú fún mi nínú páálí àtijọ́, ní iye àtijọ́, mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò fi owó lé e. Lọ́sẹ̀ kejì ni bíléèdì oníbàárà wa kan padà wá láti Ìgbógbó: eyín mẹ́ta ti fọ́, ọ̀kan fò, ó sì dá páànù ògiri lu. Ọlọ́run ló yọ ọmọ iṣẹ́ tó dúró níbẹ̀. Mo mú èérún rẹ̀ wá sí ojú fèrèsé. Èyí tó dára, bó bá ṣẹ́, ojú rẹ̀ á dọ́gba, á ní àwọ̀ eérú. Èyí ní ihò wínníwínní nínú bí ìgbà tí ènìyàn bu búrẹ́dì. Nígbà tí mo pe onítọ̀hún, ó ní èmi ni mi ò mọ iná í lò. Èmi tí ọ̀gá mi ti fún ní fírídọ́ọ̀mù láti ọdún 2004! Mo san owó bíléèdì náà fún ẹni tó ni ín, eyín 212 tó ṣẹ́kù sì wà nínú agolo títí di òní, mi ò lè tà á, mi ò sì lè jó o mọ́ bíléèdì ẹnikẹ́ni.

A ti kúrò lọ́dọ̀ onítọ̀hún. Lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó wọ́n jù ú lọ ni a ti ń rà báyìí, a sì ń ṣẹ́ ọ̀kan wò nínú páálí kọ̀ọ̀kan kí a tó lò ó. Owó pípọ́n kò yí padà. Ẹ má da eyín tó bá bọ́ nù, ẹ kó o wá, a ó yọ nǹkan kúrò nínú owó yín, nítorí àwọn kan ń rà á láti tún un lò. A ó sì ka iye eyín tó nílò pààrọ̀ lójú yín, kí a má baà máa fura sí ara wa.

Bíléèdì mọ́kànlá ń bẹ lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa tí àwọn tó ni wọ́n kò tíì wá gbà láti ìgbà Iléyá. ₦500 ni mo kọ sára wọn. ₦500 náà ni n ó gbà, bí wọ́n bá dé kí oṣù yìí tó parí.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ìpọ́n-bíléèdì, Ìkòròdú